Ta Ni Yóò Jẹ́rìí fún Oníṣẹ́ Kọ̀ǹpútà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹlẹ́rìí ní í yanjú ẹjọ́, ẹlẹ́rìí kì í ṣe oníjà. Ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ ń fún ni, ẹlẹ́rìí ni. Kò lè ṣiṣẹ́, kò lè ronú, kò lè tún ẹ̀rọ ṣe. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè ṣe ni pé kí ó dúró níwájú ẹni tí kò mọ̀ wá rí, kí ó wí pé, "Mo mọ ọmọ yìí, ohun tí ó pe ara rẹ̀ náà ni ó jẹ́." Bí a bá fi èyí sọ́kàn, bóyá àríyànjiyàn kan tí ó gba ẹnu àwọn ọ̀dọ́ wa kan lóde òní yóò rọrùn láti yẹ̀ wò ju bí wọ́n ti ń pariwo rẹ̀ lọ. Àríyànjiyàn náà nìyí: ẹni tí ó fẹ́ fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹun, ṣé kí ó lọ lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì kí ó gba oyè ni, tàbí kí ó fi oṣù mélòó kan kọ́ ohun pàtó kan, kí ó jókòó ṣe ìdánwò àwọn ilé iṣẹ́ bíi Cisco tàbí Microsoft, kí ó gba ìwé ẹ̀rí wọn, kí ó sì bọ́ sẹ́nu iṣẹ́?

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni ó kan ẹni tí ń kọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ó kàn mí. Àbúrò mi ọkùnrin ti yege ìdánwò JAMB, ó sì ti ń bi mí láti ìgbà náà pé èwo nínú ọ̀nà méjèèjì ni kí òun tọ̀. Owó tí bàbá wa kó jọ kò lè gbé ọ̀nà méjì. Bàbá wa fúnra rẹ̀ kò dé yunifásítì. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń fi ojú inú rí ìwé oyè àwa ọmọ rẹ̀ nínú férémù lára ògiri pálọ̀. Àbúrò mi ní òun kò lè lo ọdún mẹ́rin, tí ìyanṣẹ́lódì lè sọ di mẹ́fà, nítorí ohun tí a ó gbé kọ́ ara ògiri. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ nílé wa, n kò sì rò pé ilé tiwa nìkan ni ó ti ń ṣẹlẹ̀.

Yàtọ̀ sí ti àbúrò mi, irú ìjà yìí gan-an wà nínú ẹ̀kọ́ èdè, ó sì ti wà níbẹ̀ kí a tó dá kọ̀ǹpútà. Ó ṣeé ṣe kí ènìyàn gba oyè nínú èdè Faransé, kí ó lè sọ fún yín bí ọ̀rọ̀ ìṣe kọ̀ọ̀kan ti ń yí padà, kí ó sì dé ọjà Dantokpa ní Kútọnu kí ó má lè ná ẹja. Ó sì ṣeé ṣe kí ìyá oníṣòwò kan tí ń kọjá ní bodè Sẹ̀mẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ máa fi Faransé bá àwọn aṣọ́bodè jiyàn láìlàágùn, ṣùgbọ́n bí a bá gbé ìwé àdéhùn kan lé e lọ́wọ́ kí ó kà, ọ̀rọ̀ di ti ọmọ tí yóò wá bá a kà á. Nítorí irú ẹni àkọ́kọ́ yìí ni ìjọba ṣe dá abúlé èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjárá lẹ́bàá Àgbádárìgì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń lọ síbẹ̀ kí ẹnu wọn lè là. Nítorí ti ẹnì kejì, n kò rí ẹni tí ó dá abúlé kankan sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ṣe ní gírámà tirẹ̀, tí ó sì ní ti ẹnu ọjà. Yunifásítì ní òun ń kọ́ni ní ti àkọ́kọ́; ìwé ẹ̀rí ní òun ń jẹ́rìí sí ti èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì yìí bí adájọ́ ti ń wo ẹlẹ́rìí, kí a bi wọ́n pé: kí ni ẹ rí, ìgbà wo ni ẹ rí i, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ sí yín bí ẹ bá purọ́?

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni ó ṣe pàtàkì jù lọ lójú tèmi, àwọn baba wa sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó bá kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ tàbí iṣẹ́ ọnà, ọ̀gá rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Títí di òní ni àwọn télọ̀ àti mẹkáníìkì wa ṣì ń ṣe é: bí ọdún ìkọ́ṣẹ́ bá pé, wọn a pe àwọn ẹlẹgbẹ́ jọ, ọ̀gá a gbàdúrà, a fún ọmọ náà ní ìwé fírídọ́ọ̀mù, gbogbo wọn a jẹ, wọn a mu. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ tí ó sì gé aṣọ ìyàwó bàjẹ́ ku ọ̀la ìgbéyàwó, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn tí aṣọ bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ yóò bèèrè ni pé, "Ọ̀dọ̀ ta ni ó ti kọ́ṣẹ́?" Ìtìjú náà a máa padà rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà ọ̀gá. Nítorí náà ni ọ̀gá tí ó mọ iyì ara rẹ̀ kì í ṣe sáré dá ọmọ sílẹ̀. N kò sọ pé ètò yìí kò ní àlèébù; àwọn ọ̀gá kan wà tí ń fi ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ pọn omi fún ọdún kan kí wọn tó jẹ́ kí ó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ibẹ̀ ní ohun tí yóò pàdánù.

Nígbà tí a bá gbé yunifásítì sí orí ìwọ̀n yìí, ara mi kì í balẹ̀. Bí ẹni tí ó gba oyè ìmọ̀ kọ̀ǹpútà bá dé ibi iṣẹ́ tí kò lè kọ ètò tí yóò to orúkọ ogún ènìyàn ní ẹsẹẹsẹ, ọ̀dọ̀ ta ni ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ yóò mú ẹjọ́ lọ? Orúkọ gíwá ni ó wà ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, gíwá kò sì mọ ọmọ náà rí. Olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kò fi orúkọ sí nǹkan kan. Olùkọ́ mìíràn kọ́ ọ̀ọ́dúnrún ọmọ nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, tí ó fi jẹ́ pé orí pátákó ni ó ti kọ́ wọn ní ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi ọwọ́ ṣe lórí ẹ̀rọ. Ẹlẹ́rìí yìí kò purọ́ dandan, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Síbẹ̀, ó rí ohun kan tí ẹlẹ́rìí kejì kò lè rí. Ó rí i pé ọmọ yìí jókòó fún ọdún mẹ́rin, pé ó fara da ìṣirò tí kò fẹ́ràn, pé ó kọ ìwé tí ẹlòmíràn kà tí ó sì bá a wí sí. Ẹni tí ó bá ti gba àwọn ọmọ síṣẹ́ rí mọ̀ pé èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ẹ jẹ́ kí a pe ìwé ẹ̀rí náà wá. Cisco ń ta àwọn ẹ̀rọ tí ń so kọ̀ǹpútà pọ̀. Ní ọdún 1998 ni ó dá ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní CCNA sílẹ̀. Bí ẹni tí ó ní ìwé náà bá ba ẹ̀rọ oníbàárà jẹ́, orúkọ Cisco ni yóò bàjẹ́, nítorí náà ilé iṣẹ́ yìí ní ìdí láti má ṣe fi ìwé rẹ̀ tọrẹ. Mo gbà pé ẹlẹ́rìí tí ọ̀ràn kàn lápò ni. Ṣùgbọ́n kò mọ ohunkóhun ju ọjà tirẹ̀ lọ, ó sì ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tí ó ń jẹ́rìí fún. Àwọn aláìṣòótọ́ kan sì ti rí ọ̀nà gbà yọ́ wọlé: wọ́n ń kó ìbéèrè ìdánwò jọ, wọ́n ń tà á, ẹni tí ó rà á a sì há a sórí bí ọmọ ilé kéú, a yege, kò sì ní mọ ojú ẹ̀rọ náà bí ó bá pàdé rẹ̀ lójú títì. Ẹ̀yin tí ẹ ń bú àwọn tí ń ra máàkì ní yunifásítì, ẹ rántí wọn pẹ̀lú.

Ìwà kan wà tí mo fẹ́ràn nínú ìwé ẹ̀rí wọ̀nyí ju ìwé oyè lọ, òun ni pé wọ́n gbà pé àwọn lè kú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, agbára CCNA a tán, àfi bí ẹni tí ó ni ín bá tún fi hàn pé òun ṣì mọ iṣẹ́. Ti CompTIA A+, tí ó ti wà láti ọdún 1993, ti di bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2011. Ìwé oyè kì í kú. Ẹni tí ó gba ti kọ̀ǹpútà ní 1985, tí kò sì tún fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́, gbogbo agbára ìwé rẹ̀ ni ó ṣì pé títí di òní. Ẹlẹ́rìí tí ó ní "ohun tí mo rí ní ọjọ́ náà ni mo ń sọ" jẹ́ olóòótọ́ ju ẹni tí ó ní "mo mọ̀ ọ́n títí láé" lọ.

Ṣùgbọ́n ikú yìí tún ní ìhà kejì. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, Microsoft fi òpin sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tí a ń pè ní MCSE, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà kan fi ẹ̀jẹ̀ àti òógùn wá. Kì í ṣe pé àwọn tí ó ní i di òmùgọ̀ mọ́jú. Ayé ni ó ṣí kúrò níbi tí ìwé náà ti ń jẹ́rìí. Ẹ wá fi èyí wé ìtàn Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Ní ọdún 1956 òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ jókòó sí ilé oúnjẹ kan ní Amsterdam, wọ́n ń mu kọfí, ó sì ń rò ó lọ́kàn pé: bí ìlú bá pọ̀, tí ọ̀nà sì pọ̀ láàárín wọn, báwo ni a ṣe lè rí ọ̀nà tí ó kúrú jù láti ìlú kan dé òmíràn? Ó ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni òun fi rí ìdáhùn, láìsí bébà, láìsí kálámù. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1959. Lónìí, rúútà, ẹ̀rọ tí ó dúró ní oríta íntánẹ́ẹ̀tì bí Èṣù, tí ń sọ fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pé ibí ni kí o gbà, ọgbọ́n ọkùnrin yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ṣiṣẹ́, nínú ètò tí wọ́n ń pè ní OSPF. OSPF sì wà nínú ìdánwò CCNA! Ẹni tí ó kàwé fún ìdánwò náà kọ́ bí a ti ń tẹ àṣẹ bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ̀rọ yóò fi wá ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ ọ ní yunifásítì, bí ó bá kọ́ ọ dáadáa, mọ ìdí tí ẹ̀rọ fi yan ọ̀nà náà, ó sì lè gbé ọgbọ́n kan náà lọ tún ètò bọ́ọ̀sì ìlú ṣe. Bí Cisco bá yí àwọn àṣẹ rẹ̀ padà lọ́la, ẹni àkọ́kọ́ yóò tún padà lọ sílé ìwé. Ẹnì kejì yóò kàn kọ́ orúkọ tuntun fún ohun tí ó ti mọ̀.

Kí àwa ará yunifásítì má tètè jó. Nígbà tí Dijkstra fẹ́ gbéyàwó ní 1957, tí ó sì kọ "ẹni tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà" síbi tí wọ́n ti bèèrè iṣẹ́ rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìlú Amsterdam kọ̀, wọ́n ní kò sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ físíìsì ni ó kà ní yunifásítì Leiden; kò tíì sí oyè kọ̀ǹpútà tí yóò gbà nígbà náà. Kò sí ẹlẹ́rìí kankan fún un nínú iṣẹ́ tí ó wá di olórí nínú rẹ̀. Ìmọ̀ kan lè dàgbà kí ìwé rẹ̀ tó jáde.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń múra láti dárúkọ Bill Gates. Òótọ́ ni pé ó fi Harvard sílẹ̀ ní 1975 láìgba oyè. Ṣùgbọ́n ó ti rí kọ̀ǹpútà lò ní ilé ìwé rẹ̀ ní Seattle láti 1968, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àti pé ẹni tí yóò fi Harvard sílẹ̀ ní láti kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Kí ọmọ tí ń gba láptọ́ọ̀pù yá ní òru má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wọn bàtà ọkùnrin náà.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ọ̀nà ìwé ẹ̀rí ni ọ̀nà àwọn tálákà. Ní ilẹ̀ wa, n kò rò pé ó rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Dọ́là 300 ni owó ìdánwò CCNA. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ní iye tí ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là, èyí kò tó 150,000 náírà. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti ju 450,000 lọ. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ìdánwò ọjọ́ kan wá ju owó iṣẹ́ oṣù mẹ́fà lọ, ẹni tí ó bá sì kùnà yóò tún san án. Àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ẹ̀kọ́ gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn owó kéékèèké tí wọ́n fi dípò rẹ̀ kò kéré mọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ayé ẹni ni wọ́n ń gbà. Ní 2020 wọ́n tì wọ́n pa láti oṣù kẹta títí dé oṣù Kejìlá. Ní 2022, láti oṣù kejì títí dé oṣù kẹwàá. Ọ̀nà kan ń jẹ dọ́là, ọ̀nà kan ń jẹ ọdún.

Lẹ́yìn náà, àwọn ìlẹ̀kùn kan wà tí ìwé ẹ̀rí kò lè ṣí rárá. Kò lè mú ẹnikẹ́ni dé àgọ́ agùnbánirọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ wa sì ń bèèrè ìwé agùnbánirọ̀ kí wọn tó bèèrè orúkọ ẹni. Ẹni tí ó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìwé àṣẹ H-1B ní láti ní oyè tàbí ohun tí ó bá a dọ́gba. Ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń kà sí ọdún kan ní yunifásítì, nítorí náà ọdún méjìlá ni aláìlóyè yóò fi rà á padà. Amẹ́ríkà yìí kan náà ni ariwo ti pọ̀ jù pé oyè kò ṣe pàtàkì mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Maryland kéde pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ lọ́dọ̀ òun, ti kọ̀ǹpútà wà lára wọn, kò ní bèèrè oyè mọ́. Mo yìn wọ́n. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá pẹ̀lú ń kéde irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí láti Harvard àti Burning Glass Institute gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní 2024, wọ́n rí i pé nínú 700 ènìyàn tí wọ́n gbà síṣẹ́ ní ọdún tí ó ṣáájú, kò tó ẹyọ kan tí ìkéde wọ̀nyí ṣí ọ̀nà fún. Ẹnu àwọn agbanisíṣẹ́ ti kúrò nídìí oyè. Ọwọ́ wọn kò tíì kúrò.

Ibí yìí ni mo ti rò pé ọ̀rọ̀ di ti ìwà, tí ó kọjá ti ọgbọ́n ìjẹun. Kí ènìyàn máa bèèrè oyè lọ́wọ́ ẹni tí yóò máa tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì ṣe, ohun tí ìdánwò ọjọ́ kan lè fi hàn pé ó mọ̀, ìwà àìtọ́ ni. Kì í ṣe iṣẹ́ ni ó ń wá ẹlẹ́rìí fún. Ó kàn fẹ́ dín iye àwọn tí ó tò sẹ́nu ọ̀nà kù, ó sì fi ọdún mẹ́rin ìgbésí ayé ọmọ ọlọ́mọ ṣe ọgbà. Àwọn tí ọgbà náà dí mọ́ lójú jù lọ ni àwọn tí bàbá wọn kò ní. Bákan náà ni èmi kò fara mọ́ ẹni tí yóò gba ọmọ tí ó fi oṣù mẹ́fà kọ́ṣẹ́, tí yóò sì ní kí ó ṣe ètò tí yóò máa pín oògùn fún àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn, nítorí pé owó oṣù rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tí yóò kú bí ètò náà bá ṣìnà kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbà á síṣẹ́.

Ẹlẹ́rìí kẹta tún wà tí gbogbo wọn ń bọ̀wọ̀ fún, òun ni ìrírí. Ní 2014, ilé iṣẹ́ Andela bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ó ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ olórí pípé, ó ń kọ́ wọn, ó sì ń san owó fún wọn bí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Inú wa dùn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ó dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọn kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ sílẹ̀, ní ilẹ̀ wa àti ní Uganda, nítorí pé àwọn oníbàárà ń fẹ́ àwọn tí ó ti gbó. Gbogbo ayé ń wá akọ ẹran tí ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fẹ́ bọ́ ọmọ ẹran.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ ni ẹ da gbọ̀ngàn rú tí ó fi gba ọ̀ọ́dúnrún. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bèèrè ohun kan. Iṣẹ́ àṣekágbá tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ń ṣe, tí a ń dì ní páálí líle tí a sì ń tò jọ fún ikán, kí ló dé tí kò lè jẹ́ ohun tí ará ìlú lè lò, kí orúkọ olùkọ́ tí ó ṣamọ̀nà rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i? Nígbà náà, bí aṣọ bá bàjẹ́, a ó mọ ọ̀dọ̀ ta ni ó ti kọ́ṣẹ́. Mo gbà pé olùkọ́ tí ó bá mọ̀ pé a óò wá béèrè òun kò ní jẹ́ kí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n gba ẹ̀yìn òun kọjá.

Mo ti fèsì fún àbúrò mi. Mo ní kí ó lọ sí yunifásítì, kì í ṣe nítorí ògiri pálọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fi ojú kékeré wo ìyẹn, nítorí pé bàbá wa ní ẹ̀tọ́ sí i. Mo ní kí ó lọ nítorí ohun tí kò ní kú lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí kan kún un ní ọdún kẹta rẹ̀, kí ó má dúró di ìgbà tí yóò jáde. Èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n yòókù yóò dá owó ìdánwò náà. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ bá òun wádìí iye kọ̀ǹpútà tí ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tí òun yóò lọ, àti bóyá iná wà níbẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí ẹnìkan tí mo mọ̀ lọ́hùn-ún. N kò tíì rí èsì gbà.